Etí Pákó: Ìtàn Igi àti Omi Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Síǹkì

Ẹ wo odó lẹ́yìn tí wọ́n bá gúnyán tán. Wọ́n á bu omi sí i, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á da omi náà nù, wọ́n á wá dojú rẹ̀ dé tàbí kí wọ́n fi í ti ògiri níbi tí atẹ́gùn ti lè fẹ́ sí i. Ó parí nìyẹn. Kò sí fáníìṣì, kò sí ọ̀dà, kò sẹ́ni tó ń ka ìlànà lára agolo. Síbẹ̀ odó tí ìyá àgbà fi sílẹ̀ lọ ṣì wà nínú ilé ẹlòmíì tí wọ́n ń fi í gúnyán títí dòní. Ọmọrogùn ńkọ́? Ojoojúmọ́ ló ń wọnú omi gbígbóná, tí wọ́n ń fọ̀ ọ́, tí wọ́n ń fi í há ibi tó ti máa gbẹ.

Igi líle ni wọ́n fi gbẹ́ odó, a mọ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe líle igi nìkan ló ń gbà á. Odindi igi kan ṣoṣo ni, kò ní oríkèé tí omi lè sá pamọ́ sí. Lẹ́yìn náà, èèyàn lè gbé e kúrò níbi omi. Ìyọnu igi àti omi nínú ilé ìdáná bẹ̀rẹ̀ gan-an lọ́jọ́ tí ọmọ aráyé kan pákó mọ́ ògiri, tó gé ihò sí i láàárín, tó fi síǹkì sínú ihò náà, tó sì fa páìpù omi wá bá a níbẹ̀. Pákó yẹn kò lè dojú dé mọ́. Kò lè lọ sáàrin oòrùn.

Nínú ilé ìdáná àwọn baba ńlá wa, kò sí káńtà. Alásè jókòó sórí àpótí, ọlọ wà nílẹ̀, ìkòkò wà lórí ààrò, omi wà nínú àmù. Nítorí náà, a ní láti lọ sí ilẹ̀ ibòmíràn kí a tó rí ibi tí ìtàn káńtà onígi ti bẹ̀rẹ̀, kí a tó padà wá sínú àwọn fúláàtì wa l'Ékòó àti n'Ìbàdàn, níbi tí ìtàn ọ̀hún ti ń wú lábẹ́ síǹkì bí búrẹ́dì tí a rẹ sínú tíì.

Kí a tó rìn jìnnà, ẹ jẹ́ ká mọ ohun tí igi jẹ́. Ẹ mú ìgbálẹ̀ kan, ẹ dì í pinpin. Báyìí ni igi ṣe rí nínú: àìmọye ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tó ní ihò, tí wọ́n fara ti ara wọn. Inú àwọn ihò yẹn ni omi ń gbà gòkè láti gbòǹgbò nígbà tí igi wà láàyè. Tí a bá la igi sí pákó, ẹ̀gbẹ́ àwọn ọ̀pá yìí ló di ojú pákó. Ṣùgbọ́n níbi tí ayùn bá ti gé pákó ní ìdábùú, ẹnu wọn ló ṣí sílẹ̀ yẹn. Igi ti kú lóòótọ́, àmọ́ ẹnu náà kò gbàgbé iṣẹ́ rẹ̀. Ó ṣì ń fa omi, ó sì ń fà á ní ìlọ́po ìlọ́po ju ojú pákó lọ. Tí omi bá ti wọlé, pákó á fẹ̀ ní ìbú, kò sì ní fẹ́rẹ̀ẹ́ gùn sí i rárá. Tó bá gbẹ, á súnkì. Fífẹ̀ àti sísúnkì yìí ló ń la pákó, òun náà ló ń ká a bí ewé gbígbẹ. Tí ìwọ̀n omi inú igi bá wá kọjá nǹkan bí ìdá 20 nínú 100 ìwọ̀n igi náà nígbà tó gbẹ, tó sì pẹ́ bẹ́ẹ̀, olú á rí ibi gbé, ìjẹrà dé nìyẹn.

Ẹ fi ọ̀rọ̀ ẹnu ọ̀pá yìí sọ́kàn. Nínú iṣẹ́ tiwa, ìyẹn iṣẹ́ kóòdù kíkọ, etí nǹkan la máa ń kọ́kọ́ dán wò: nọ́mbà àkọ́kọ́, nọ́mbà ìkẹyìn, àpótí tí kò sí nǹkan nínú rẹ̀. Àárín kì í sábà bàjẹ́. Ìtàn pákó ilé ìdáná rí bákan náà, àfi pé ó gba àwọn oníṣẹ́ rẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ọdún tí wọ́n fi ń dán ojú pákó tí wọ́n sì gbàgbé etí.

Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ gbójú lé ni epo. Kì í ṣe epo tiwa o. Ní Yúróòpù, epo hóró ewéko flax, tí wọ́n ń pè ní linseed, ni wọ́n fi ń pa igi. Epo yẹn ní ìwà kan tó ṣàjèjì: ó máa ń gbẹ. Kì í gbẹ bí omi ṣe ń gbẹ, tí á kàn fẹ́ lọ. Ó máa ń gba ọ́síjìn látinú afẹ́fẹ́, àwọn ègé rẹ̀ á wá di ara wọn lọ́wọ́ mú títí wọ́n á fi di awọ kan tó le lórí igi. Epo pupa kò ní ìwà yẹn. Ẹ fi pa pákó lónìí, ẹ padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, epo lẹ máa bá níbẹ̀, pẹ̀lú eruku àti òórùn. Tí ẹnì kan bá ní kí ẹ fi epo pupa tàbí òróró ìdáná ṣe ìtọ́jú káńtà yín nítorí pé "ohun àdáyébá" ni, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ má ṣe é.

Gẹ̀ẹ́sì kan, Frederick Walton, ṣàkíyèsí awọ tí epo linseed máa ń dì sórí ọ̀dà inú agolo tí wọ́n bá ṣí i sílẹ̀. Láti inú awọ yẹn ló ti ṣe linoleum, tó gba ìwé àṣẹ rẹ̀ ní 1863. Ilẹ̀ ilé ló ṣe é fún, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí àwọn èèyàn fi ń tẹ́ ẹ sórí tábìlì àti káńtà pẹ̀lú.

Àwọn ará Éṣíà ti ṣáájú wọn jìnnà. Ní China, igi kan wà tí wọ́n ń kọ lára kí oje rẹ̀ lè ṣàn. Wọ́n á fi oje yẹn kun àwo igi ní ìpele ìpele. Wọ́n hú àwo onígi pupa kan jáde ní Hemudu, ní ẹkùn Zhejiang, tó ti lé ní 6,000 ọdún, oje náà ṣì wà lára rẹ̀. Ohun tó yani lẹ́nu ni pé inú ọ̀rinrin ni oje yìí ti ń gbẹ. Títí di báyìí, àwọn oníṣẹ́ láàkà ní Japan ní àpótí tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ mú tutù tí wọ́n ń kó iṣẹ́ sí kí ó lè gbẹ. Inú àti òde àwo ni wọ́n sì ń kùn. Ẹ rántí ìtàn Nóà pẹ̀lú: inú àti òde ọkọ̀ ni wọ́n ní kó fi ọ̀dà ilẹ̀ kùn, kì í ṣe òde nìkan.

Kí epo tó lè ṣiṣẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ omi, ẹnì kan ní láti máa tún un pa, ẹnì kan sì ní láti máa nu omi kúrò lórí rẹ̀. Ta ni ẹnì kan yẹn? Nínú àwọn ilé ńlá ní England ní ayé Queen Victoria, ọmọ-ọ̀dọ̀ ni. Yàrá kan wà lẹ́yìn ilé ìdáná tí wọ́n ti ń fọ àwo. Pákó tí wọ́n ń to àwo sí kí omi ro jẹ́ igi lásán. Wọ́n máa ń fi búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ ọ́, wọ́n á nù ún, wọ́n á jẹ́ kó gbẹ, ọ̀la wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀. Ní yàrá tí wọ́n ti ń fọ àwo olówó iyebíye, igi ni wọ́n fi ń ṣe síǹkì pàápàá, wọ́n á wá fi òjé tàbí bàbà bo inú rẹ̀, nítorí pé àwo tó bá já bọ́ lu òjé kì í fọ́ bí èyí tó lu òkúta. Ẹ ò rí i pé àwo ni wọ́n ń ro. Ọwọ́ ọmọbìnrin tó ń fi omi gbígbóná àti sódà nu pákó láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, ìyẹn kò sí nínú ìṣirò.

Níbi ìwẹ̀, wọn ò tilẹ̀ gba igi gbọ́. Kí omi páìpù tó wọ yàrá, abọ́ àti ládugbó ni wọ́n ń gbé sórí tábìlì ìwẹjú. Igi ni ẹsẹ̀ tábìlì náà, ṣùgbọ́n ẹni tó lówó lọ́wọ́ máa ń fi mábù ṣe orí rẹ̀, á sì fi mábù tàbí táìlì ti ẹ̀yìn rẹ̀ kí omi tó bá ta má bàa kan ògiri. Kábínẹ́ẹ̀tì balùwẹ̀ òde òní tí wọ́n fi pákó ẹlẹ́rún ṣe, tí ooru omi gbígbóná ń fẹ́ sí láràárọ̀, ì bá ya àwọn èèyàn yẹn lẹ́nu gidi.

Ẹ jẹ́ ká wá dé Frankfurt, níbi tí ìtàn yìí ti dùn jù.

Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní, ilé wọ́n bí ojú ní Jámánì. Ìlú Frankfurt gbé iṣẹ́ ilé kíkọ́ lé Ernst May lọ́wọ́, òun ló sì pe obìnrin kan láti Vienna wá, Margarete Schütte-Lihotzky, tí wọ́n bí ní 1897. Ní 1926 ló ya ilé ìdáná kan fún àwọn ilé òṣìṣẹ́. Ilé ìdáná náà kéré: nǹkan bíi mítà 1.9 ní ìbú, mítà 3.4 ní gígùn. Àpẹẹrẹ tó wò ni ibi ìdáná inú ọkọ̀ ojú irin, tí ọwọ́ alásè ti ń tó gbogbo nǹkan. Nǹkan bí 10,000 irú rẹ̀ ni wọ́n kọ́ sínú àwọn ilé Frankfurt. Ibẹ̀ ni káńtà tó lẹ̀ mọ́ ògiri, tó bá síǹkì mu, tí kábínẹ́ẹ̀tì wà lókè àti nísàlẹ̀ rẹ̀, ti di nǹkan mẹ̀kúnnù. Kábínẹ́ẹ̀tì tó wà nínú fúláàtì yín ní Súrùlérè, ọmọ-ọmọ rẹ̀ ni.

Obìnrin yìí mọ igi yàn. Igi oak ló fi ṣe dúrọ́ọ̀ ìyẹ̀fun, nítorí pé ohun kíkan inú oak kì í jẹ́ kí kòkòrò fẹ́ràn ibẹ̀. Ọ̀dà aró tó rí bí àwọ̀ ewéko díẹ̀ ló ní kí wọ́n fi kun kábínẹ́ẹ̀tì, nítorí wọ́n gbà pé eṣinṣin kì í bà lé àwọ̀ yẹn. Orí káńtà ńkọ́? Igi beech ni, torí pé ó le, ọ̀bẹ kì í tètè ya á, àbàwọ́n kì í sì tètè wọ̀ ọ́. Kódà ó gé ihò kan sórí káńtà náà níwájú fèrèsé, kí ìdọ̀tí tí a bá gé kúrò lára ẹ̀fọ́ lè bọ́ sínú dúrọ́ọ̀ kan tààrà.

Ṣùgbọ́n igi beech kì í ṣe igi tó lè bá omi jà. Ẹ sọ ọ́ sórí ilẹ̀ tútù, kò ní pẹ́ jẹrà. Ìrókò tiwa sàn jù ú lọ fíìfíì. Báwo ló ṣe wá ń lò ó nítòsí síǹkì? A rò pé ibí yìí ni ọgbọ́n rẹ̀ wà. Kò bẹ igi kó má mu omi. Ó fún omi ní ọ̀nà. Ó ṣe ibi ìto àwo sí ẹ̀gbẹ́ síǹkì, kí àwo lè dúró, kí omi ara rẹ̀ ro padà sínú síǹkì, kí ó má ṣe tàn lọ sórí beech. Ibi gbígbẹ jẹ́ ibi gbígbẹ, ibi omi jẹ́ ibi omi. Ẹni tó ya sọ́fítíwià rí máa mọ irú ìpín yìí.

Lẹ́yìn ìyẹn, ó ku aṣọ ìnukò. Ìyàwó òṣìṣẹ́ kò ní ọmọ-ọ̀dọ̀. Òun ló gba aṣọ náà lọ́wọ́ ọmọ-ọ̀dọ̀ England. Schütte-Lihotzky fúnra rẹ̀ sọ ọ́ nígbà tó dàgbà pé òun kò tíì dáná rí, òun kò sì tíì bójú tó ilé rí, kí òun tó ya ilé ìdáná yẹn. Kì í ṣe ẹni tó ń sá fún iṣẹ́ o: àwọn Gestapo mú un ní 1941 torí pé ó ń bá Hitler jà, ẹ̀wọ̀n ló wà títí di 1945, ó sì wà láyé títí di ọdún 2000. Ọ̀rọ̀ tirẹ̀ tó odindi ìwé. Àmọ́ ti ká nu beech lẹ́ẹ̀mẹ́wàá lójúmọ́, kò kàn án.

Ohun tó fẹ́ gba aṣọ ìnukò lọ́wọ́ obìnrin ti wà nílẹ̀ ní ọdún 13 ṣáájú Frankfurt, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ̀. Ọdún 1913 ni Harry Brearley rí irin tí kì í dípẹtà ní Sheffield, irin tó padà gba iṣẹ́ pákó ìro-àwo pátápátá. Ọdún kan náà ni Daniel O'Conor àti Herbert Faber, tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ ní Westinghouse ní Pittsburgh, dá ilé iṣẹ́ tiwọn sílẹ̀ ní Cincinnati. Ilé ìdáná kò sí lọ́kàn wọn rárá. Iná mànàmáná ni wọ́n ń bá yí. Nígbà yẹn, òkúta kan tó máa ń là pẹlẹbẹ bí abala ìwé, tí wọ́n ń pè ní mica, ni wọ́n fi ń dènà iná nínú ẹ̀rọ, ó sì wọ́n. O'Conor rẹ aṣọ sínú oje Bakelite, oje tí Leo Baekeland ṣe ní 1907, ó wé e mọ́ ọ̀pá, ó là á, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kó tó gan. Pẹlẹbẹ líle kan jáde tó lè dúró ní ipò mica. Ìyẹn gan-an ni orúkọ rẹ̀ túmọ̀ sí: Formica.

Àwọ̀ ilẹ̀ dúdú tàbí búráùn ni oje náà máa ń ní, ìdí nìyí tí kò fi kọ́kọ́ wọ ilé ìdáná. Ní òpin àwọn ọdún 1930 ni wọ́n wá fi oje melamine sórí rẹ̀, oje tó mọ́ gaara, tí ooru àti omi kì í tètè ràn. Wọ́n lè wá tẹ àwòrán èyíkéyìí sórí ìwé: mábù, aṣọ, kódà igi. Ẹ gbọ́ o, ìwé ni. Abala ìwé mélòó kan tí a rẹ sínú oje, tí a fi ooru àti agbára tẹ̀ pọ̀, tí kò ju nǹkan bíi mílímítà kan lọ ní nínípọn. Ara igi sì ni ìwé ti wá. Nígbà tó fi máa di àwọn ọdún 1950, ìpolówó ti gba Amẹ́ríkà àti England kan: nù ún lẹ́ẹ̀kan, ó tán.

Òótọ́ ni, fún ojú pákó. Omi lè sùn lórí Formica mọ́jú, kò ní wọlé. Àmọ́ kí ló wà lábẹ́ rẹ̀? Ní àkókò ogun kejì àti lẹ́yìn rẹ̀, igi gidi wọ́n ní Jámánì, wọ́n sì rí ọgbọ́n dá sí ẹ̀rún igi tí ilé ayùn ń dà nù: wọ́n pò ó mọ́ gúlúù, wọ́n tẹ̀ ẹ́ di pákó. Ó tẹ́jú, ó pọ́kú, kì í ká. MDF tó dé lẹ́yìn náà, ọmọ ìyá rẹ̀ ni. Formica àti pákó ẹ̀rún wá fẹ́ ara wọn, wọ́n sì bí káńtà ìgbàlódé. Ṣùgbọ́n níbi tí pákó gidi ti máa ń wú tó sì máa ń súnkì padà, pákó ẹ̀rún kì í padà. Ẹ̀rún tí wọ́n fi agbára tẹ̀ ti rí àyè nà ara rẹ̀, gúlúù tó dì í mú ti tú nínú omi. Ó wú, ó wú náà nìyẹn.

Omi ọ̀hún kì í sì í gba ojú wọlé. Ihò síǹkì ló ń gbà, ihò ẹ̀rọ omi, ibi tí káńtà méjì ti pàdé, etí iwájú tí aṣọ wa ń fara kàn. Ibi gbogbo tí ayùn ti kọjá.

Nígbà tí fọmáíkà dé ọ̀dọ̀ wa, orúkọ ilé iṣẹ́ kan di orúkọ nǹkan náà fúnra rẹ̀. Ẹnikẹ́ni tí ì báà ṣe é, fọmáíkà ni káfíńtà ń pè é. Tábìlì búkà, káńtà ilé ìwòsàn, tábìlì ọ̀gá ilé ìwé. Lára ọ̀pọ̀ wọn, ẹ máa rí ọ̀pá alumíníọ̀mù tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ìṣó kéékèèké kàn mọ́ etí yíká. Àwọn kan ń fi ojú ẹ̀ṣọ́ wò ó. Àwa gbà pé òun ni ohun tó gbọ́n jù lára tábìlì yẹn. Abẹ́ rẹ̀ náà sì sábà máa ń jẹ́ pláíwúdù, irú èyí tí ilé iṣẹ́ African Timber and Plywood ní Sapele ń ṣe lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, tí wọ́n fi ìpele igi dábùú ara wọn kí ó má bàa rí àyè fẹ̀.

Lónìí, téèpù ike ni wọ́n ń fi ooru lẹ̀ mọ́ etí tó hàn síta, wọn kì í sì í fi nǹkan kan sí etí tí kò hàn. Lẹ́yìn ọdún méjì, ìsàlẹ̀ síǹkì ti wú, ilẹ̀kùn kábínẹ́ẹ̀tì kò pa dé mọ́. Onílé á ní ayálégbé ló da omi sí i, á sì mú un kúrò nínú owó kọ́ṣọ̀n. Ayálégbé á ní káfíńtà ló ṣe ayédèrú. Kò sẹ́ni tó máa béèrè bóyá wọ́n fi nǹkan kan kun inú ihò síǹkì lọ́jọ́ tí wọ́n gé e, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ ni ẹjọ́ wà.

Nítorí náà, tí ẹ bá fẹ́ ṣe káńtà, ì báà jẹ́ ìrókò, ì báà jẹ́ MDF, ọjọ́ tí wọ́n bá gé ihò síǹkì ni kí ẹ wà níbẹ̀. Kí síǹkì tó wọlé, ẹ ní kí káfíńtà kun etí ihò náà yípo, lẹ́ẹ̀mẹ́ta ó kéré tán, kó jẹ́ kó gbẹ láàárín ìkọ̀ọ̀kan. Fáníìṣì polyurethane dáa fún un. Ihò ẹ̀rọ omi náà, bẹ́ẹ̀. Tó bá jẹ́ pákó gidi, kó kun abẹ́ rẹ̀ bó ṣe kun ojú, torí pákó tí a kùn lójú kan ṣoṣo á máa mu ọ̀rinrin níha kan, á sì ká. Kó má ṣe kàn án pinpin mọ́ ògiri. Kó fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ tó lè fẹ̀ sí, kó wá fi sílíkóònù dí àyè náà. Kó fi ayùn fa ilà tẹ́ẹ́rẹ́ kan sábẹ́ etí iwájú, kí omi tó bá ń ṣàn bọ̀ lè dé ibẹ̀ kó sì ro sílẹ̀, kó má rìn lọ bá kábínẹ́ẹ̀tì.

Tó bá jẹ́ epo linseed lẹ fẹ́ lò lórí pákó gidi, ó ṣe é ṣe, ẹ ó kàn máa tún un pa ni. Ẹ ta omi díẹ̀ sí i lójú: tó bá dúró ní ìṣù ìṣù, kò tíì yá, tó bá tàn tó sì wọlé, ó ti yá. Kí ẹ sì ṣọ́ra fún aṣọ tí ẹ fi pa á. Bí epo yẹn ṣe ń gbẹ ló ń mú ooru jáde, aṣọ tí a ká jọ síbì kan lè gbiná fúnra rẹ̀ láìsí ìṣáná. Ẹ tẹ́ ẹ síta gbangba kó gbẹ pátápátá, tàbí kí ẹ rì í sínú omi kí ẹ tó dà á nù.